Àbúrò Mi, Ta Ni Ò Ń Kọ Ọ́ Sí?

Àbúrò mi, mo gbọ́ ọ nínú ohùn rẹ lórí fóònù lálẹ́ àná pé kíláàsì ìwé kíkọ yẹn ti fẹ́ sú ọ. O ní tíṣà ní kí ẹ lọ ka lẹ́tà kan, kí ẹ sọ bí ẹni tó kọ ọ́ ṣe ń pàrọwà fún àwọn tó kọ ọ́ sí, lẹ́yìn náà kí ẹ̀yin náà kọ tiyín. O ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, mo mọ ohun tí ọkùnrin yẹn sọ. Kí ni wọ́n tún fẹ́ kí n sọ lé e?" Mi ò lè dá ọ lóhùn dáadáa nígbà yẹn, torí pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ti iṣẹ́ alẹ́ bọ̀ ni. Mo ti sùn báyìí, mo sì ti mu ògì gbígbóná. Jẹ́ kí n sọ ohun tí mo mọ̀ fún ọ, nítorí ibi tí o wà yìí, mo ti sunkún níbẹ̀ rí.

Ọdún kejì tí mo dé Houston ni mo forúkọ sílẹ̀ fún ENGL 1301, irú kíláàsì ìwé kíkọ yẹn náà. Ọkàn mi balẹ̀. Ṣebí èmi ni wọ́n máa ń ka àròkọ rẹ̀ sétígbọ̀ọ́ gbogbo kíláàsì nílé ìwé girama, pàápàá àròkọ alárìíyànjiyàn. Nígbà tí iṣẹ́ mi àkọ́kọ́ padà dé, máàkì tó wà lórí rẹ̀ kò ṣeé fi han ọkọ mi. Tíṣà fi bíró aláwọ̀ ewé kọ ọ́ sí etí ojú ìwé kejì pé: níbo ni ohun tí o fẹ́ kí n gbà wà? Inú bí mi. Ìparí ojú ìwé kẹta ló wà, níbi tó yẹ kó wà! Mo ti kí òǹkàwé, mo ti pa òwe, mo ti sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀, mo wá ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ń lọ tọrọ ìyàwó. Ta ló ń dé ẹnu ọ̀nà ilé onílé tó máa ní "Ẹ fún wa lọ́mọ yín" kó tó jókòó?

Ìgbà tí mo lọ bá tíṣà ní ọ́fíìsì rẹ̀ ló tó yé mi pé ọ̀rọ̀ kò wọ́n mi lẹ́nu. Ẹni tí mò ń bá sọ ọ́ ni mi ò rò. Nílé wa, ẹni tó bá sáré sọ ohun tó ń fẹ́, a ó ní wọn ò kọ́ ọ nílé. Lọ́dọ̀ tiwọn, ẹni tó bá pẹ́ kó tó sọ ọ́, wọ́n á rò pé kò mọ ohun tó ń fẹ́, tàbí pé ó ń fi nǹkan pamọ́. Ẹ̀kọ́ ilé ni méjèèjì, ilé ló yàtọ̀. Láti ọjọ́ yẹn, kí n tó kọ ìlà kan, mo máa ń mú bébà kékeré kan, màá kọ ọ́ síbẹ̀ pé: ta ni mò ń kọ ọ́ sí? Kí ló ń bọ̀wọ̀ fún? Kí ló ń bà á lẹ́rù? Kí ló ti gbà gbọ́ tẹ́lẹ̀ tí mo lè bá a bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀? Ṣe bẹ́ẹ̀, àbúrò mi. Bébà kékeré yẹn ló gbà mí là.

Wọ́n á kọ́ yín ní orúkọ ọ̀nà ìpàrọwà mẹ́ta tí Aristotle ará Gíríìsì ti kọ sílẹ̀ láti ohun tó lé ní 2,300 ọdún sẹ́yìn: ethos, pathos, logos. Má jẹ́ kí wọ́n dẹ́rù bà ọ́. Ṣé o rántí alága ìdúró tó bá wa lọ síbi ìdána ẹ̀gbọ́n wa ọkùnrin? Kó tó sọ ohunkóhun, ó ti wà lórí ìkúnlẹ̀, ó ti kí àwọn bàbá, ó ti kí àwọn ìyá, gbogbo ilé sì ti mọ̀ pé ọmọ tó mọ àgbà ni ìdílé wa rán wá. Ethos nìyẹn: irú èèyàn tí olùsọ̀rọ̀ fi ara rẹ̀ hàn pé òun jẹ́. Lẹ́yìn náà ló wá ń fi orin ròyìn bí ọmọ wa ò ṣe rí oorun sùn mọ́ láti ìgbà tó ti rí òdòdó tó wà nínú ọgbà wọn, títí ìyá ìyàwó fi ń fi etí gèlè nu ojú. Pathos nìyẹn. Bàbá kan wá béèrè láti ẹ̀yìn pé iṣẹ́ wo ni ọmọkùnrin náà ń ṣe. Obìnrin yẹn dá orin dúró lójijì. Ó sọ ibi tí ẹ̀gbọ́n wa ti ń ṣiṣẹ́, ó sọ ọdún tó ti lò níbẹ̀, kò fi ẹyọ orin kan sí i. Logos nìyẹn. Ohun tó sì jẹ́ ọ̀gá nínú iṣẹ́ rẹ̀ ni pé ó mọ ẹni tí orin tọ́ sí, ó mọ ẹni tí ìṣirò tọ́ sí.

Ó yá, lẹ́tà tí wọ́n fún yín. Ọjọ́ 12 oṣù kẹrin ọdún 1963, tó bọ́ sí Good Friday, ni wọ́n mú Martin Luther King Jr. ní Birmingham, ní ìpínlẹ̀ Alabama, níbi ìwọ́de tí wọ́n fi ń tako òfin tó ya èèyàn dúdú sọ́tọ̀. Ọjọ́ kan náà ni àwọn olórí ẹ̀sìn mẹ́jọ, aláwọ̀ funfun ni gbogbo wọn, gbé ọ̀rọ̀ jáde pé ìwọ́de náà kò bọ́gbọ́n mu, kò bọ́ sásìkò, àti pé àwọn ará ìta wà lára àwọn tó ń darí rẹ̀. Etí ìwé ìròyìn ni King ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ èsì rẹ̀ nínú àtìmọ́lé. Ọjọ́ 16 oṣù kẹrin ló wà lórí lẹ́tà náà.

Wo bó ṣe pè wọ́n. Ẹni tí wọ́n tì mọ́lé, tó lẹ́tọ̀ọ́ láti bínú, ó pè wọ́n ní òjíṣẹ́ Ọlọ́run ẹgbẹ́ òun. Ó ní òun gbà pé èèyàn rere ni wọ́n, òun á sì fi sùúrù dá wọn lóhùn. Bí o bá kọ ọ́ sínú iṣẹ́ rẹ pé "King bọ̀wọ̀ fún wọn" tí o sì kọjá, o ò tíì ṣe nǹkan kan. Béèrè pé iṣẹ́ wo ni ọ̀wọ̀ yẹn ń ṣe níbẹ̀. Àwọn tó ń wò ó bí àlejò, ó ti bá wọn jókòó lórí ẹní kan náà kí wọ́n tó ka ìlà kejì. Ẹni tí a bá sì ti pè ní èèyàn rere lójú gbogbo ayé, ojú á tì í láti ṣe ìkà.

Wọ́n ní ará ìta ni. Ó ní Pọ́ọ̀lù inú Bíbélì náà fi ìlú rẹ̀ sílẹ̀, ó sì jẹ́ ìpè àwọn ará Makedóníà. Nínú àwọn mẹ́jọ yẹn, méje jẹ́ Kristẹni, ọ̀kan jẹ́ rábì àwọn Júù. Bíṣọ́ọ̀bù Kátólíìkì wà nínú wọn, àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì wà níbẹ̀. Nísinsìnyí lọ wo àwọn àgbà tí King pè ní ẹlẹ́rìí nígbà tó ń ṣàlàyé òfin tó tọ́ àti èyí tí kò tọ́: Thomas Aquinas, bàbá ńlá àwọn Kátólíìkì, Martin Buber, Júù, Paul Tillich, Pùròtẹ́sítáǹtì. Kò sí ẹnì kankan nínú àwọn mẹ́jọ náà tó lè ka lẹ́tà yẹn kó má bá àgbà ilé tirẹ̀ pàdé níbẹ̀. Nígbà tí mo rí èyí, mo gbé ìwé náà lé orí itan mi, mi ò lè ka nǹkan mìíràn mọ́ fún ìgbà díẹ̀.

Ṣùgbọ́n ibi tí mo fẹ́ kí o pẹ́ sí jù lọ ni ibi tó ti dá àwọn tó ń ní kó ṣe sùúrù lóhùn. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni, ó sì lé ní 300 ọ̀rọ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. "Nígbà tí" ló ń kó jọ lórí "nígbà tí": ìyà yìí, ìtìjú yìí, ìpakúpa yìí. Láàárín gbogbo rẹ̀ ni ọmọ rẹ̀ obìnrin ọmọ ọdún mẹ́fà ti yọ, tó rí ìpolówó Funtown, ọgbà eré àwọn ọmọdé, lórí tẹlifíṣọ̀n, tó ń béèrè ìdí tí òun kò fi lè lọ. Ahọ́n bàbá rẹ̀ lọ́, omi sì lé sí ọmọ náà lójú nígbà tó gbọ́ pé ọgbà náà kì í gba ọmọ dúdú. Má kàn kọ "pathos" sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí o máa lọ. Kà á sókè. Èmi kà á sókè nínú kíṣìnì, ẹ̀wà wà lórí iná, ẹ̀ẹ̀mẹta ni èémí mi tán kí n tó dé ibi àmì ìdánudúró. Ìgbà yẹn ló tàn sí mi: àwọn tó ní kó dúró, òun náà ti dá wọn dúró. Ó mú kí wọ́n fi àyà ara wọn mọ bí ìdúró ṣe ń rí. Ìyẹn ni mo kọ, ìyẹn sì ni tíṣà fa ìlà sí lábẹ́. Ohun tí ọ̀rọ̀ náà ń ṣe sí ara òǹkàwé ni wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ yín.

Kò mọ sí kíláàsì o. Ọdún yẹn náà la kó kúrò nílé kan, àwọn onílé sì di $900 wa mú, owó tí a san sílẹ̀ kí a tó wọlé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kò sẹ́ni tó fọhùn. Mo jókòó lálẹ́ ọjọ́ kan, mo kọ lẹ́tà. Mo ní olè ni wọ́n, mo ní mo bí ọmọ mẹ́ta, mo ní Ọlọ́run ń wò wọ́n. Mo fẹ́ fi ránṣẹ́, ni mo bá rántí bébà kékeré. Ta ni mò ń kọ ọ́ sí? Obìnrin kan tó jókòó sí ọ́fíìsì, tí kò mọ àwọn ọmọ mi, tó ń ka irú ẹkún bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́. Kí ló ń bà á lẹ́rù? Òfin, àti ìbéèrè ọ̀gá rẹ̀.

Mo fa lẹ́tà yẹn ya. Ní Texas, bí ayálégbé bá ti kó jáde, tó sì ti fi àdírẹ́sì rẹ̀ tuntun sílẹ̀ ní kíkọ, ọgbọ̀n ọjọ́ ni onílé ní láti dá owó náà padà, kó sì kọ ohun tó bá yọ nínú rẹ̀ sílẹ̀. Ìlà àkọ́kọ́ lẹ́tà mi kejì sọ pé mò ń béèrè $900 wa. Ìlà tó tẹ̀ lé e sọ ọjọ́ tí a jáde àti ọjọ́ tí mo fi àdírẹ́sì ránṣẹ́. Mo fi fọ́tò yàrá kọ̀ọ̀kan sí i. Mo wá sọ èyí tí ọkọ mi ní kí n má sọ, pé àwọn ọmọ ba aṣọ fèrèsé kan jẹ́, àti pé bí wọ́n bá yọ owó rẹ̀, a gbà. Ọkọ mi ní mò ń fi ọ̀bẹ lé wọn lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹni tó bá fẹ́ kí a gba ẹjọ́ òun gbọ́, kó fúnra rẹ̀ gbé ẹjọ́ ẹnì kejì kalẹ̀. Mo kí wọn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ níparí. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò. Ọjọ́ kọkànlá, ṣẹ́ẹ̀kì $865 wọlé.

Ibi tí iṣẹ́ àwọn ọmọ wa ti sábà máa ń dà rú nìyẹn, ìdí ẹjọ́ ẹnì kejì yẹn. Wọ́n máa ń gbé e kalẹ̀ bí ẹni tí kò ní làákàyè, kó lè rọrùn láti bì ṣubú. Má ṣe é. Kọ ọ́ tó fi jẹ́ pé bí ẹni náà bá kà á, á ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, ohun tí mo ní lọ́kàn gan-an nìyí." Lẹ́yìn náà kí o wá fèsì.

Ojú tí o fi ń wo lẹ́tà King yìí, máa fi wo ohun tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí ọ lórí WhatsApp. Obìnrin kan tó ń ta tíì tí wọ́n ní ó ń dín ikùn kù fi ohùn ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ wa lóṣù tó kọjá. Ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "ẹ̀yin ìyá mi," ó ní òun náà ti sunkún níwájú dígí rí, ó ní páálí méje péré ló kù, àti pé owó rẹ̀ á gòkè kó tó di ọ̀la. Fà á tú: ó di ọmọ wa, ó tẹ ibi tó ń dùn wá, ó sì fi àsìkò dè wá lọ́wọ́ kí a má baà ráyè ronú. Ohun tó wà nínú tíì náà, kò sọ ọ́. Máa wá ohun tí wọn ò sọ, àbúrò mi, kí o tó fọwọ́ kan pọ́ọ̀sì rẹ.

Èyí tó kẹ́yìn yìí, mi ò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tí mo fẹ́ bí Táíwò àti Kẹ́hìndé, mo fẹ́ kí Màámi wá. Wọn ò fẹ́ fi ìsọ̀ wọn sílẹ̀. Mo ti mọ iṣẹ́ yìí nígbà yẹn. Mo mọ ibi tí ọkàn wọn ti rọ̀, mo sì tẹ̀ ẹ́: mo dárúkọ ìyá wọn, mo ní ìyá wọn kò ní jẹ́ kí wọ́n dá bímọ. Mi ò sọ pé ìyá ọkọ mi ti gbà láti wá. Wọ́n wá, wọ́n lo oṣù mẹ́fà, ẹlòmíràn gba àwọn oníbàárà wọn. Wọn ò bá mi wí rí. Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí mo fi pamọ́, ó sì ń dùn mí títí di òní. Nítorí náà, tí o bá kọ tìrẹ tán, béèrè lọ́wọ́ ara rẹ bóyá ẹni tí o kọ ọ́ sí ṣì máa gbà bó bá mọ gbogbo ohun tí o mọ̀.

Wá ní Sátidé. Tẹ iṣẹ́ náà sórí bébà, má gbé e wá lórí fóònù. Màá máa rẹ́ ẹ̀fọ́, ìwọ á máa kà á sókè fún mi. Ibi tí ọ̀bẹ mi bá ti dúró, fa ìlà síbẹ̀.