Ẹ̀KỌ́ LÓRÍ ÌRÌN-ÀJÒ: BÍ A ṢE LÈ ṢỌ́RA FÚN AWAKỌ̀ TÍ Ń SÁRÉ ÀSÁPAJÚDÉ

Ẹ̀kọ́ wa ti ọdún yìí dá lórí ohun tí à ń rí lójoojúmọ́ ní ẹnu ọ̀nà ilé-kéú wa: àwọn awakọ̀ tí ń sáré àsápajúdé.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ ṣírò rẹ̀. Láàárín ìlú, kìlómítà 50 ní wákàtí kan ni òfin gbà fún ọkọ̀ kékeré. Ọkọ̀ tí ń sá eré yìí yóò rin nǹkan bíi mítà 14 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìyẹn ìwọ̀n ìgbà tí a fi ń wí pé "Bísímílà". Bí ó bá ń sá 100, yóò rin mítà 28 kí awakọ̀ tó gbé ẹsẹ̀ lé bíréèkì rárá. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ní, "Yóò rí mi, yóò dúró," ti fi ẹ̀mí rẹ̀ ta tẹ́tẹ́.

Èkíní, bí a bá fẹ́ sọdá títì. Láti ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972 ni a ti ń wakọ̀ ní apá ọ̀tún ní Nàìjíríà. Ọwọ́ òsì rẹ ni ọkọ̀ yóò ti kọ́kọ́ yọ. Ṣùgbọ́n àwọn ọlọ́kadà a máa gba ọ̀nà tí kì í ṣe tiwọn. Wo òsì, wo ọ̀tún, kí o tún wo òsì. Bí ọkọ̀ kan bá dúró fún ọ, má sáré kọjá. Òmíràn lè yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Èkejì, bí a bá ń wakọ̀. Bí ẹnì kan bá ń fọn fèrè mọ́ ọ lẹ́yìn, má bá a du ọ̀nà. Rọra yà fún un. Ẹni tí ó yàgò fún wèrè kò sọ pé wèrè jù ú lọ. "Èmi ni mo jàre" kò wo egungun tí ó kán.

Ẹ̀kẹta, bí a bá jẹ́ èrò ọkọ̀. Ní ọdún kan, a kó akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́sàn-án wọ bọ́ọ̀sì. A ti sanwó tán kí òórùn ọtí tó ta sí wa láti ẹnu awakọ̀. Bàbá kan ní, "Ààfáà, ẹ ṣe sùúrù, Ọlọ́hun ni í ṣọ́ni." A ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá. Òun náà ni ó fún wa ní imú tí a fi gbọ́ òórùn yìí." A kó àwọn ọmọ sọ̀kalẹ̀. A kò rí owó wa gbà padà. A kò gbọ́ pé nǹkan kan ṣe ọkọ̀ náà, síbẹ̀ a kò kábàámọ̀, nítorí ọmọ ọlọ́mọ ni ó wà lọ́wọ́ wa.

Ẹ̀yin òbí, ẹ má ṣe kó ọmọ mẹ́ta lé ọ̀kadà kan. Ẹ jẹ́ kí ọmọ jókòó sẹ́yìn ọkọ̀, kí ó sì de bẹ́líìtì.

ÌBÉÈRÈ
1. Mítà mélòó ni ọkọ̀ tí ń sá 50 ń rìn ní ìṣẹ́jú àáyá kan?
2. Kí nìdí tí a fi ń wo ọ̀tún àti òsì?
3. Kí ni ìwọ yóò ṣe bí awakọ̀ bá ti mutí?

Kí Ọlọ́hun máa ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ wa. Àmín.