Ẹ Má Yára Dá Ẹjọ́ Kòkó

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń kọ́ nípa àrùn ohun ọ̀gbìn ní Yunifásítì Ghana ní Legon, adájọ́ ni yín. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni.

Bí èso kòkó tó ti dúdú bá dé láti ìlú Tafo, ẹ má gé àárín rẹ̀ tó ti jẹrà. Àwọn fọ́ńgọ́ọ̀sì tó ń jẹ òkú èso ti kún ibẹ̀, àwọn ló sì máa ń yára hù jù nínú àwo. Ibi tí dúdú ti pàdé ara tó ṣì yè ni kí ẹ ti gé e. Ẹ rì í sínú bílíìsì tí a bomi là, kó má pẹ́ níbẹ̀. Ẹ fi omi tí kò ní kòkòrò kankan ṣan án, kí ẹ tó gbé e lé agar tí a fi omi kárọ́ọ̀tì sè. Ẹ tọ́jú àwo náà síbi tó wà ní nǹkan bí 25°C. Bí fọ́nrán funfun bá ń tàn kálẹ̀, etí rẹ̀ ni kí ẹ ti bù sínú àwo mìíràn, kó lè dá wà. Ẹ kọ orúkọ oko àti ọjọ́ sára àwo kọ̀ọ̀kan.

Ẹjọ́ ò tíì parí o. Ìlànà Robert Koch, dókítà ará Jámánì, ṣì ń bẹ: ẹ fi fọ́nrán náà sára èso tó yè kooro, kí àrùn kan náà yọ, kí ẹ sì tún rí fọ́nrán kan náà lára èso ọ̀hún. Ẹ dá ọgbẹ́ sára èso mìíràn, kí ẹ fi agar lásán sí i. Bí ìyẹn náà bá dúdú, ọwọ́ yín ni ò mọ́.

Ní ti àrùn tó ń sọ èso kòkó di dúdú yìí, Phytophthora palmivora ni wọ́n ń dá lẹ́bi ní Ghana tẹ́lẹ̀. Ní 1985 ni wọ́n rí Phytophthora megakarya níbí, èyí tó burú jù ú lọ. Àwọn méjèèjì ló ń sọ èso di dúdú, ṣùgbọ́n megakarya máa ń fara pamọ́ sínú ilẹ̀, òjò a sì máa ta á sókè sára èso. Àwọn ìwé àtijọ́ pe àwọn méjèèjì ní fọ́ńgọ́ọ̀sì, àmọ́ ìbátan ewé inú omi ni wọ́n. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ oògùn fọ́ńgọ́ọ̀sì kì í fi í ràn wọ́n.

Fọ́nrán tó bá ti pẹ́ jù lórí agar, agbára rẹ̀ láti kọ lu èso a máa dínkù. Ẹ máa dá a padà sára èso lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ má sì kó àwo tí ẹ ti lò tán dà nù láìkọ́kọ́ sè é nínú autoclave, ìkòkò tí a fi ń se kòkòrò pa, ní 121°C.

Bí olóko bá ń kán yín lójú, ẹ sọ fún un pé ẹ ò tíì mọ̀. Ìtìjú ọjọ́ díẹ̀ sàn ju kó fi owó ọdún kan ra oògùn àrùn tí kò sí lóko rẹ̀.