Àròkọ Aṣàlàyé: Bí A Ṣe Ń Kó Fíìmù VCD Mẹ́fà Jọ Sórí DVD Kan

Nínú àròkọ aṣàlàyé, ohun tí olùdánwò ń wá ni pé kí o mú ẹni tí kò ṣe iṣẹ́ kan rí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin rẹ̀, kí ó sì lè ṣe é láìbéèrè lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Bí a ṣe ń ro àmàlà, bí a ṣe ń dá ẹmu: irú wọn ni ìwé àtijọ́ kún fún. Àṣìṣe méjì ni mo máa ń rí nínú iṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi kí n tó fẹ̀yìn tì. Àwọn kan a bẹ̀rẹ̀ láti àárín. Àwọn tó pọ̀ jù a sọ ohun tí a ń ṣe, wọn kò ní sọ ìdí tí a fi ń ṣe é.

Èyí kejì yìí ló dùn mí jù, n ó sì sọ ìdí rẹ̀. Ní ọdún 2004 a ṣe ọjọ́ ìbí àádọ́rin ọdún ìyá mi. Oníkámẹ́rà kó VCD mẹ́rin fún wa. Ìyá mi ti lọ báyìí, orí àwọn àwo yẹn nìkan sì ni ohùn rẹ̀ wà, níbi tí ó ti ń fi oríkì kí àwa ọmọ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo kó wọn fún ọkùnrin kan tó ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà pé kí ó bá mi kó wọn jọ sórí DVD. Nígbà tí mo wo èyí tó ṣe, ẹnu ìyá mi a ti pa dé kí ohùn rẹ̀ tó jáde. Ọkùnrin náà ti ya ohùn kúrò lára àwòrán, kò sì so wọ́n padà bó ti yẹ. Ó mọ bọ́tìnì tí a ń tẹ̀. Kò mọ ìdí tí a fi ń tẹ̀ ẹ́. Èmi fúnra mi ni mo kọ́ iṣẹ́ náà tí mo sì tún un ṣe.

Nítorí náà, nígbà tí o bá ń ṣe ìlapa èrò rẹ, kọ ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí apá òsì, kí o sì kọ ìdí rẹ̀ sí apá ọ̀tún. Ìgbésẹ̀ tí o kò bá rí ìdí kan kọ sí iwájú rẹ̀, tún un rò. Wo àpẹẹrẹ yìí.

ÀPẸẸRẸ ÀRÒKỌ

VCD mẹ́fà ni a ní nílé wa. Mẹ́rin jẹ́ ti ìnáwó ìyá àgbà, méjì tó kù sì jẹ́ Apá Kìíní àti Apá Kejì fíìmù Yorùbá kan tí bàbá mi rà. Ẹni tó bá fẹ́ wò wọ́n tán yóò máa dìde, yóò máa jókòó, nítorí bí ọ̀kan bá ti parí ni a ó pààrọ̀ rẹ̀. Bí a bá kó wọn jọ sórí DVD kan, a bọ́ nínú wàhálà yẹn.

Ohun tí a nílò ni kọ̀ǹpútà tó lè kọ nǹkan sórí DVD, DVD òfìfo méjì, aṣọ òwú rírọ̀, àti ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ṣe DVD. DVDStyler jẹ́ ọ̀kan tí a kì í sanwó fún.

A ní láti kọ́kọ́ mọ̀ bóyá mẹ́fẹ̀ẹ̀fà yóò gbà. Fíìmù ìṣẹ́jú kan lórí VCD ń gba nǹkan bíi megabáìtì 10. Bí àwo kọ̀ọ̀kan bá jẹ́ wákàtí kan, mẹ́fà jẹ́ ìṣẹ́jú 360, ìyẹn nǹkan bíi megabáìtì 3,700. DVD lásán ń gba 4,700. Àyè ṣì kù fún mẹ́nù.

Lẹ́yìn èyí, a ó nu àwọn àwo náà. Láti àárín sí etí ni a ń nù wọ́n. A kì í nù wọ́n yípo. Ìdí ni pé yípo ni a kọ fíìmù sí ara àwo. Bí aṣọ bá fi àpá yípo sí i, gbogbo ohun tó tẹ̀lé ara wọn níbẹ̀ ni yóò bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ̀rọ kò sì ní rí ibi tí yóò ti tún un ṣe. VCD kò sì lè fara da àpá tó síìdì tí a ń kó ìwé sí, nítorí wọ́n yọ apá kan ààbò rẹ̀ kí àyè lè gba fíìmù.

Nígbà tí a bá ki àwo kìíní bọ kọ̀ǹpútà, a ó rí fódà kan tó ń jẹ́ MPEGAV. Inú rẹ̀ ni fáìlì bíi AVSEQ01.DAT wà, bí wọ́n bá ju ẹyọ kan lọ, èyí tó tóbi jù ló sábà máa ń jẹ́ fíìmù gan-an. A ó da á kọ sínú kọ̀ǹpútà, a ó sì yí orúkọ rẹ̀ padà lójú ẹsẹ̀, nítorí orúkọ kan náà ni ti àwo kejì ń jẹ́, èyí tó bá dé kẹ́yìn sì lè pa ti àkọ́kọ́ rẹ́.

Ó wá kan ohùn. Àwòrán VCD wa kò nílò àyípadà: àmì 352 ní ìbú, 288 ní òró, àwòrán 25 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Òfin DVD gbà á bẹ́ẹ̀. Ohùn ni kò bá a mu, nítorí a ń wọn ohùn VCD ní ìgbà 44,100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, DVD sì ń béèrè 48,000. A ó pàṣẹ fún ètò náà pé kí ó da àwòrán kọ bó ṣe wà, kí ó yí ohùn nìkan padà, kí ó má sì ya méjèèjì. Bí a bá ní kí ó tún àwòrán ṣe, yóò pẹ́ púpọ̀, àwòrán náà kò sì ní mọ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Mẹ́nù ni ojú-ewé tí yóò hàn lórí tẹlifíṣọ̀n nígbà tí a bá ki DVD bọ ẹ̀rọ. A ó fi bọ́tìnì mẹ́ta sí i: “Ìnáwó Ìyá Àgbà”, “Fíìmù”, àti “Wo Gbogbo Rẹ̀”. Bọ́tìnì kìíní yóò ṣí ojú-ewé mìíràn tí a ti lè yan Ìsìn Ọpẹ́, Oríkì, Àsè tàbí Ijó. Apá Kìíní àti Apá Kejì ni a ó so pọ̀ sábẹ́ bọ́tìnì kejì. Lẹ́tà gbọ́dọ̀ tóbi, kò sì gbọdọ̀ sún mọ́ etí, nítorí tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ a máa gé etí àwòrán. A ó pàṣẹ pé bí fíìmù kan bá parí, kí ó padà sí mẹ́nù. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ojú tẹlifíṣọ̀n lè ṣókùnkùn, àwọn àgbà á sì rò pé ó ti bàjẹ́.

Lẹ́yìn tí a bá ti dán gbogbo bọ́tìnì wò nínú kọ̀ǹpútà, a ó kọ ọ́ sórí DVD kìíní, a ó sì gbé e lọ síwájú ẹ̀rọ tó wà ní pálọ̀. Bí ó bá ṣiṣẹ́ níbẹ̀, a ó kọ èkejì fún àbúrò bàbá mi. A kò ní ju àwọn VCD nù.

ÀKÍYÈSÍ

Ka iye ìgbà tí “nítorí” àti “ìdí ni pé” wà nínú àròkọ yìí. Má bẹ̀rù “kọ̀ǹpútà” àti “fáìlì”. Ọ̀rọ̀ tí gbogbo ènìyàn ń lò ni. Ohun tí kò dára ni kí o kọ gbólóhùn tó jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ní ìdajì. Àkọ́wọ́n akẹ́kọ̀ọ́ kan kọ ọ́ nígbà kan pé òun yóò ṣe ogún ẹ̀dà fíìmù tí òun rà, òun yóò sì tà wọ́n ní gáréèjì! Ẹni tó ṣe fíìmù ló ni ẹ̀tọ́ yẹn. Fi tìrẹ mọ sí ilé rẹ.

IṢẸ́ ṢÍṢE

Ṣàlàyé bí a ṣe lè tọ́jú àwọn fọ́tò àtijọ́ ìdílé kan kí wọ́n má baà ṣá. Fi ìlapa èrò olápá méjì ṣáájú àròkọ rẹ.