Ẹnu Aláìsàn Ọpọlọ àti Oúnjẹ Rẹ̀

Ẹ̀yin àgbẹ̀ àti ẹ̀yin ìyá ilé tí ẹ ń ka ìwé yìí, ọ̀pọ̀ ìgbà ni a ti bá yín sọ̀rọ̀ nípa ìtọ́jú iṣu nínú abà àti ìtọ́jú ọmọ ọwọ́ nínú ilé. Ní ọdún yìí ó tọ́ kí a sọ̀rọ̀ nípa ẹnìkan tí ó wà nínú ọ̀pọ̀ agbo ilé, ṣùgbọ́n tí a kì í fẹ́ dárúkọ àìsàn rẹ̀ níwájú àlejò. Ẹni náà ni aláìsàn ọpọlọ. A ń bójú tó oògùn rẹ̀, a sì ń ṣọ́ ọ kí ó má baà rìn lọ. Ṣùgbọ́n ta ni ó ń wo inú ẹnu rẹ̀?

Èmi pàápàá kò wò ó. Mo ní àbúrò ọkùnrin kan ní Àjùwọ̀n níhìn-ín, tí àìsàn ọpọlọ ti ń bá jà láti ìgbà èwe rẹ̀. Ó ti pẹ́ tí oògùn ti mú ara rẹ̀ balẹ̀. Ó ń bá wa ro oko, ó sì ń kọrin pẹ̀lú ẹgbẹ́ akọrin. Ní ọdún kan, ní àkókò iṣu tuntun, ó bẹ̀rẹ̀ sí kọ oúnjẹ. Ìyá wa gbé iyán síwájú rẹ̀, ó tì í sẹ́yìn. A bu àmàlà gbígbóná fún un, ó da àwo náà nù, ó sì dìde pẹ̀lú ìbínú. Ní òru kò sùn. Ó ń rìn káàkiri ilé, ó ń dá sọ̀rọ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́. Gbogbo wa fi ohùn ṣọ̀kan pé àìsàn náà ti padà dé. Èmi ni mo kọ́kọ́ sọ ọ́. A mú un lọ kí a lè bá a fi kún oògùn rẹ̀. A fi kún un, oorun sì gbé e lọ, ṣùgbọ́n nígbà tí ó jí, kò jẹun síbẹ̀.

Ìyá àgbà kan tí ń ta ẹ̀kọ ní ẹ̀bá ọ̀nà wa ni ó pè mí pé, “Tíṣà, ẹ̀kọ tútù nìkan ni àbúrò yín ń rà lọ́wọ́ mi, apá òsì ni ó sì máa ń gbé orí sí bí ó bá ń mu ún. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wo ẹnu rẹ̀.” A mú un jókòó ní ojú ìmọ́lẹ̀, a sì wò ó. Eyín ńlá kan ní ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún ti jẹrà dé gbòǹgbò, ẹran ìdí rẹ̀ sì ti kún fún ọyún. Dókítà eyín yọ ọ́. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ó jẹ iyán. Èmi tí mo ti ń kọ́ ọmọ ilé ìwé bí a ti ń fọ ẹnu fún ohun tí ó ju ogún ọdún lọ ni mo pe ìrora eyín ní wèrè.

Kí ni ó fà á tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ kì í fi sọ pé eyín ń dun òun? Nígbà mìíràn ó sọ ọ́, ṣùgbọ́n nítorí pé ó ti sọ ọ̀rọ̀ asán rí, a kò gbà á gbọ́ mọ́. Nígbà mìíràn àìsàn náà ti da ọ̀rọ̀ rẹ̀ rú tó bẹ́ẹ̀ tí yóò fi sọ pé ẹnìkan ń ta òun ní ọ̀kọ̀ ní ẹ̀rẹ̀kẹ́, nígbà tí ó jẹ́ pé eyín ni. Ẹni tí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn sì dì mú kì í ní agbára láti dìde wẹ̀, áńbọ̀sì kí ó wá pákò. Ẹ tún kíyè sí i pé nínú ọ̀pọ̀ ilé, a ra búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín fún olúkúlùkù, òun nìkan ni a gbàgbé.

Oògùn pàápàá ní ọwọ́ nínú ọ̀ràn yìí. Àwọn baba wa sọ pé kòkòrò ni ó ń jẹ eyín, wọn kò sì ṣìnà pátápátá. Ṣùgbọ́n kòkòrò náà kì í ṣe ìdin tí àwọn kan ń fi hàn wá lórí òwú láti gba owó wa. Ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú kò lè rí i. Súgà ni oúnjẹ rẹ̀. Bí ó bá jẹ ẹ́ tán, a sọ ọ́ di omi kíkan, omi kíkan yìí a sì máa jẹ eyín díẹ̀díẹ̀ bí àgbàrá ti ń jẹ ilẹ̀ ẹ̀bá ọ̀nà. Itọ́ ni olùṣọ́ eyín. Òun ni ó ń ṣan omi kíkan náà kúrò, tí ó sì ń dá agbára padà sí ara eyín. Nísinsìnyí, Largactil, amitriptyline, àti ní pàtàkì Artane tí a fi ń dẹ ara aláìsàn tí oògùn mìíràn ti mú kí ó le gbagidi, a máa mú kí itọ́ gbẹ. Eyín tí kò ní itọ́ dà bí oko tí kò ní ọgbà. Oògùn kan tí ń jẹ́ clozapine yàtọ̀. Òun a máa mú itọ́ dà lọ́pọ̀lọpọ̀, títí ìrọ̀rí yóò fi tutù ní òru. Ẹ má ṣe tìtorí èyí da oògùn nù! Ẹ sọ fún dókítà pé ẹnu aláìsàn yín gbẹ. Ó lè dín oògùn náà kù tàbí kí ó pààrọ̀ rẹ̀. Ẹni tí ó fi ojú ara rẹ̀ dá oògùn ọpọlọ dúró ń wá wàhálà tí ó ju ti eyín lọ.

Nígbà tí ẹnu bá gbẹ, aláìsàn yóò máa wá ohun tí yóò fi tu ú lára. Ohun tí ó sún mọ́ ọn jù ni súwíìtì àti mínírà inú ìgò, àwọn kan a sì máa fa ọsàn wẹ́wẹ́ láti òwúrọ̀ di alẹ́. Gbogbo wọn ni ó ń ba eyín jẹ́. Omi tútù díẹ̀díẹ̀, ní ìgbà púpọ̀, ni ó dára jù lọ.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo àwo oúnjẹ rẹ̀. N kò bẹ̀rù láti sọ pé ní ọ̀pọ̀ ilé, àwo aláìsàn ọpọlọ ni a ń bù kẹ́yìn. Nígbà tí ó sì jẹ́ pé ó máa ń jẹun ní àkókò tirẹ̀, gàrí àti súgà ni a fi sílẹ̀ fún un: ó rọrùn, kò ní iná dídá, kò sì ní ariwo. Gàrí a máa kún inú, ṣùgbọ́n kò ní ohun tí ó tó láti mú ẹran ara àti ọpọlọ dúró. Bí ó bá mu ún ní òwúrọ̀, ọ̀sán àti alẹ́ pẹ̀lú súgà, eyín rẹ̀ kò ní ìsinmi, ara rẹ̀ kò sì ní oúnjẹ. Àwọn oògùn kan, bí olanzapine, tún wà tí ń mú kí ebi máa pa ènìyàn láìdáwọ́ dúró. Ẹni bẹ́ẹ̀ yóò sanra lójijì, àtọ̀gbẹ sì lè tẹ̀lé e, àtọ̀gbẹ náà a sì máa ba ẹran ìdí eyín jẹ́. Nítorí náà, kí a má wo sísanra bí ẹ̀rí pé a ń bọ́ ọ dáradára.

Ahọ́n pẹ̀lú a máa ròyìn àwo oúnjẹ. Ní ìhà gúúsù Amẹ́ríkà, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún tí ó kọjá, àìsàn kan tí à ń pè ní pellagra gbilẹ̀ láàrin àwọn tálákà tí wọ́n ń jẹ àgbàdo lọ́pọ̀lọpọ̀ láìsí ẹran tàbí wàrà tí ó tó. Awọ ọwọ́ àti ọrùn wọn a máa dúdú, a sì máa bó. Ahọ́n wọn a pọ́n, a sì wú. Inú wọn a máa ṣí. Nígbẹ̀yìn, ọkàn wọn a dàrú, a ó sì kó wọn lọ sí ilé àwọn aṣiwèrè. Àwọn ènìyàn rò pé àrùn tí ń ràn ni. Ní 1914 ìjọba Amẹ́ríkà rán dókítà Joseph Goldberger lọ wádìí rẹ̀. Ó kíyè sí i pé àwọn aláìsàn inú ilé wọ̀nyí ń ní àrùn náà, ṣùgbọ́n àwọn òṣìṣẹ́ tí ń tọ́jú wọn kì í ní in. Bí ó bá jẹ́ àrùn tí ń ràn ni, báwo ni yóò ṣe mọ òṣìṣẹ́ yàtọ̀ sí aláìsàn? Ó yí oúnjẹ àwọn aláìsàn kan padà ní Milledgeville ní ìpínlẹ̀ Georgia. Ó fi wàrà, ẹran àti irúgbìn bí ẹ̀wà kún un, àrùn náà kò sì padà sára wọn. Ní 1937 ni Conrad Elvehjem rí ohun gan-an tí oúnjẹ wọn kò ní, èyí tí à ń pè ní niacin.

Àgbàdo kì í ṣe ọ̀tá wa. Niacin inú rẹ̀ ni ó so mọ́ra tó bẹ́ẹ̀ tí inú wa kò lè tú gbogbo rẹ̀. Nígbà tí a bá sì sẹ́ ògì, èérí rẹ̀ ni ó kó púpọ̀ nínú ohun rere lọ, ewúrẹ́ ni ó sì ń jẹ ẹ́. (Bóyá ìdí nìyẹn tí ọpọlọ ewúrẹ́ fi mú tó bẹ́ẹ̀ nígbà tí ó bá fẹ́ jí iṣu.) Ẹni tí ń mu ẹ̀kọ gbọ́dọ̀ ní mọ́ínmọ́ín lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ̀pà ní niacin lọ́pọ̀lọpọ̀, ẹja àti ẹran pẹ̀lú. Bí ẹnu bá ń dun aláìsàn, kí a lọ ẹ̀pà sínú ẹ̀kọ rẹ̀, kí a se gbẹ̀gìrì, kí a gún ẹja gbígbẹ sínú ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ tí a gé wẹ́wẹ́, kí a sì fi ẹyin kan kún un nígbà tí adìyẹ bá yé.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé iṣẹ́ yìí tóbi jù fún agbo ilé àgbẹ̀. Ní Abẹ́òkúta, tí a ń gba Ìfọ̀ lọ, ọmọ bíbí ìlú náà, dókítà Thomas Adeoye Lambo, tí a bí ní 1923, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé ìwòsàn ọpọlọ Aro ní 1954. Kò dúró de ìgbà tí ilé ìwòsàn náà yóò parí. Ó fi àwọn aláìsàn wọ̀ sí ilé àwọn àgbẹ̀ ní àwọn abúlé tí ó wà nítòsí. Aláìsàn kọ̀ọ̀kan ní láti mú ìbátan kan wá, ìyá tàbí ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò, tí yóò máa dáná fún un, tí yóò máa fọ aṣọ rẹ̀, tí yóò sì mú un lọ gba ìtọ́jú ní òwúrọ̀, kí ó sì mú un padà wá sílé. Òkìkí ètò yìí kàn dé òkè òkun, Lambo náà sì di igbákejì olórí Àjọ Ìlera Àgbáyé. Ní tèmi, ìyá tí ń dáná nínú abúlé wọ̀nyẹn ni mo gbà pé a kò tíì yìn tó. Òun ni ó ń rí i bí aláìsàn bá kọ iyán, òun ni ó sì ń mọ̀ bí ó bá ń fi apá kan jẹun.

Bí a ti ń ṣe é nílé wa nísinsìnyí ni èyí. N kò pàṣẹ fún àbúrò mi pé kí ó lọ fọ ẹnu; mo mú orín àtà méjì wá, mo fún un ní ọ̀kan, a sì jọ jókòó lórí àga gbọọrọ, a ń run ún. Ní alẹ́, kí ó tó sùn, ó ń fi búrọ́ọ̀ṣì àti ọṣẹ ìfọyín tí ó ní fluoride fọ ẹnu rẹ̀, lẹ́yìn èyí kò tún jẹ ohunkóhun mọ́. Ní òwúrọ̀ Sátidé, ó ń ya ẹnu fún mi níwájú ìlẹ̀kùn, mo sì ń wo eyín, ahọ́n, igun ẹnu àti abẹ́ ahọ́n. Bí ó bá sọ pé rárá, a sún un di ọ̀la. N kì í fi ipá ti ìka bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹnikẹ́ni bá wú pẹ̀lú ibà, tàbí tí kò lè la ẹnu tàbí gbé itọ́ mì, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ kó gbogbo oògùn rẹ̀ dání fún dókítà eyín láti rí. Bí lithium bá wà nínú wọn, ẹ má ṣe ra ibuprofen fún ìrora eyín lọ́wọ́ ẹni tí ń kiri, nítorí a máa jẹ́ kí lithium pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀, títí yóò fi di májèlé.

Ní Sátidé tí ó kọjá mo rí àmì dúdú kan lórí eyín kejì lápá òsì. Kò tíì dùn ún. A ti gba ọjọ́ lọ́wọ́ dókítà eyín láti dí i, ìyá wa sì ti ní òun yóò bá wa lọ.