Bass clef níwájú afunsaxophone

Ìbéèrè: Baritone saxophone ni mo ń fun ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ìwé olóhùn bass ni wọ́n ń fún mi, treble clef nìkan ni mo sì lè kà. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kọ́ bass clef, àmọ́ ẹ má dúró dè é. Bí ẹ bá fun C, E♭ ni fèrè yín ń dún. Nítorí náà, ẹ ka ìwé náà bí ẹni pé treble clef ló wà níbẹ̀, kí ẹ fi sharp mẹ́ta kún key rẹ̀. Ẹ wo ìlà ìsàlẹ̀ pátápátá: G ni olóhùn bass ń kọ níbẹ̀. Ẹ̀yin á fun E, G yẹn gan-an ni yóò sì dún. Tí flat mẹ́ta bá wà níbẹ̀rẹ̀ orin, gbogbo rẹ̀ ti pa rẹ́ nìyẹn. Àmì tó ń yọjú láàárín orin ló gba ìṣọ́ra gidi: flat tí ẹ bá rí níwájú F, C tàbí G, natural ni kí ẹ fun.