Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Ta Ló Rọ Ẹ̀gbà Ọwọ́ Yìí?

Ìbéèrè: Ìyá mi ra ẹ̀gbà ọwọ́ kan ní Lọ́ńdọ̀nù láyé àtijọ́. Àwòrán kìnnìún àti ìdákọ̀ró kéékèèké wà nínú rẹ̀. Ta ló rọ ọ́, kí ni wọ́n sì fi rọ ọ́?

Ìdáhùn: Òǹtẹ̀ àyẹ̀wò fàdákà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn àwòrán wọ̀nyí. Kìnnìún tó gbé ẹsẹ̀ iwájú kan sókè fi hàn pé fàdákà kó ìdá 92.5 nínú 100; bàbà ló sábà máa ń jẹ́ ìyókù. Ìdákọ̀ró ni àmì Birmingham, níbi tí wọ́n ti ń ṣe àyẹ̀wò yìí láti ọdún 1773. Orí àmọ̀tẹ́kùn ni ti Lọ́ńdọ̀nù, nítorí náà ibi tí wọ́n ti ra ẹ̀gbà lè yàtọ̀ sí ibi tí wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò.

Lẹ́tà tó dúró fún orúkọ ẹni tó ṣe é tàbí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ máa ń wà nítòsí, pẹ̀lú lẹ́tà ọdún. Awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá ló ń gbé wọn jáde dáadáa. Bí wọ́n ṣe kọ lẹ́tà ọdún ṣe pàtàkì gan-an, torí lẹ́tà kan náà máa ń padà wá lẹ́yìn ọdún mélòó kan.

Bí ẹ bá rí lẹ́tà EPNS lára nǹkan, ìyẹn yàtọ̀: fàdákà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n kàn fi bo irin mìíràn. Òòfà kì í fa fàdákà, ṣùgbọ́n kì í fa idẹ pẹ̀lú, nítorí náà òòfà nìkan kò lè fi hàn pé fàdákà ni.

Bí òǹtẹ̀ bá ti pa rẹ́, alágbẹ̀dẹ wúrà tó ní ẹ̀rọ àyẹ̀wò ló yẹ kó rí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi nǹkan líle bó o.