Yíyan Mọ́dábọ́ọ̀dù Tí Apá Ká
Ẹ̀kọ́ fún ẹni tí ó fẹ́ to kọ̀ǹpútà nínú ilé

Kì í ṣe olówó nìkan ni ó lè ní kọ̀ǹpútà nínú ilé. Ẹni tí kò lè san owó odidi kọ̀ǹpútà titun lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lè ra àwọn ẹ̀yà ara rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan, kí ó sì tò wọ́n pọ̀ fúnra rẹ̀, tàbí kí ó pe oníṣẹ́ láti bá a tò wọ́n. Ọ̀nà yìí dára fún òbí tí ó fẹ́ kí àwọn ọmọ rẹ̀ máa kẹ́kọ̀ọ́ nílé, ó sì dára fún ẹni tí ó fẹ́ máa tẹ ìwé fún ará ìlú. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí owó wọn ti ṣòfò lójú ọ̀nà náà. Kì í ṣe pé ohun tí wọ́n rà bàjẹ́. Ohun rere méjì ni wọ́n rà tí kò bá ara wọn mu. Ibi tí àṣìṣe yìí ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ ni mọ́dábọ́ọ̀dù. Nítorí náà ni ẹ̀kọ́ yìí ṣe dá lé e lórí.

1. Iṣẹ́ mọ́dábọ́ọ̀dù

Mọ́dábọ́ọ̀dù ni pátákó pẹlẹbẹ tí ó wà nínú àpótí kọ̀ǹpútà, tí gbogbo ẹ̀yà yòókù ń fara mọ́. Ó dà bí ọjà àárín ìlú tí gbogbo ọ̀nà oko já sí. Orí rẹ̀ ni ọpọlọ kọ̀ǹpútà, tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní pírósẹ́sọ̀, jókòó sí. Ara rẹ̀ ni ihò tí a ń ki ìrántí bọ̀ wà, èyíinì ni RAM. Ibẹ̀ náà ni ibi ìpamọ́ iṣẹ́, kíbọ́ọ̀dù àti iná ti ń pàdé. Pátákó náà kì í ṣírò, kì í sì í rántí. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti so àwọn tí ń ṣe bẹ́ẹ̀ pọ̀. Ìdí nìyí tí pátákó olówó gọbọi kò fi lè mú kí kọ̀ǹpútà tí ọpọlọ rẹ̀ lọ́ra di ẹ̀rọ tí ń yára.

2. Ọpọlọ ni kí a kọ́kọ́ yàn

Àwọn àgbà sọ pé ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Kí ẹni tí ó fẹ́ ra pátákó tó béèrè iye owó rẹ̀, kí ó ti mọ ọpọlọ tí yóò jókòó sórí rẹ̀. Ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà méjì, AMD àti Intel, ni a ń rí ọpọlọ wọn jù lọ́jà. Ti AMD kò lè jókòó lórí pátákó Intel, bẹ́ẹ̀ ni ti Intel kò lè jókòó lórí pátákó AMD. Orúkọ ìjókòó tí ó wà lára pátákó ni ó ń fi ìyàtọ̀ hàn:

AM4: ti AMD ni. Láti ọdún 2017 ni ọpọlọ Ryzen ti ń lò ó. Ìrántí DDR4 ni ó ń gbà.
AM5: ti AMD náà ni. Ó jáde ní ọdún 2022. DDR5 nìkan ni ó ń gbà.
LGA1700: ti Intel ni, láti ọdún 2021, fún ìran ọpọlọ 12, 13 àti 14. Àwọn pátákó kan gba DDR4, àwọn mìíràn gba DDR5. Kí a kà á lára páálí.
LGA1851: ti Intel ni, láti ọdún 2024. DDR5 ni ó ń gbà.

Ìrántí DDR4 kò lè wọ ihò DDR5, nítorí ibi tí a gé létí wọn kò dọ́gba. Fún ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀, AM4 àti LGA1700 oní-DDR4 ni ó sábà máa ń rọrùn jù láti rà. Ẹni tí agbára rẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ lè ronú nípa AM5, nítorí ní ọdún 2024 ni AMD ṣèlérí pé ìjókòó náà yóò máa rí àtìlẹ́yìn òun títí di ọdún 2027 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni bẹ́ẹ̀ lè fi ọpọlọ titun rọ́pò ti àtijọ́ lọ́jọ́ iwájú láìpààrọ̀ pátákó.

3. Lẹ́tà àti nọ́ńbà ara pátákó

Nínú àwọn pátákó AM4, A520 ni ó rẹlẹ̀, B550 tẹ̀ lé e, X570 sì ga jù. Nínú ti LGA1700, H610 ni ó rẹlẹ̀, B760 tẹ̀ lé e, Z790 sì ga jù. Lóòótọ́ ni pé ọbẹ̀ tí ó dùn, owó ni ó pa á; ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ohun tí a náwó lé ni ó ń mú ọbẹ̀ dùn. Àwọn tí ó fẹ́ mú ọpọlọ sáré kọjá ìwọ̀n tí a dá fún un, tàbí tí ó fẹ́ so ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ mọ́ pátákó, ni a ṣe pátákó olówó gọbọi fún. Òmíràn nínú wọn tilẹ̀ ń tan iná aláràbarà lásán.

Ìdílé tí ó fẹ́ máa kọ lẹ́tà, kí ó máa ṣírò owó ọjà, kí ó máa kẹ́kọ̀ọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ó sì máa wo fíìmù, kò nílò wọn. A520 tàbí H610 tó fún un. Kí ó kàn rántí pé H610 kò ní ju ihò ìrántí méjì lọ. Bí owó bá kù díẹ̀ káàtó, kí ó fi ìrántí 8GB kan bẹ̀rẹ̀, kí ó sì fi ihò kejì sílẹ̀ de ọjọ́ tí owó yóò dé. Ẹni tí ó ń gbèrò láti lo ọpọlọ tí ó lágbára gan-an ni kí ó san àlékún fún B550 tàbí B760, nítorí irú wọn sábà máa ń pín iná fún ọpọlọ dáradára jù.

4. Ọ̀fìn mẹ́ta lójú ọ̀nà

Èkíní ni àwòrán. Ihò HDMI wà lára ọ̀pọ̀ pátákó, ṣùgbọ́n kò wúlò bí ọpọlọ kò bá lè ya àwòrán fúnra rẹ̀. Ryzen 5 5600G lè ṣe é. Ryzen 5 5600 kò lè ṣe é. Ọpọlọ Intel tí lẹ́tà F bá parí nọ́ńbà rẹ̀, bí i i3-12100F, kò lè ṣe é pẹ̀lú. Bàbá tí ó ra irú rẹ̀ nítorí pé ó dínwó díẹ̀ lè délé kí ó so gbogbo nǹkan pọ̀, kí iná tàn, kí ẹ̀rọ máa fẹ́ atẹ́gùn, síbẹ̀ kí ojú kọ̀ǹpútà ṣókùnkùn biribiri. Yóò wá di dandan kí ó ra káàdì àwòrán lọ́tọ̀, owó rẹ̀ sì lè ju owó pátákó lọ.

Èkejì ni ìwọ̀n. Pátákó ATX jẹ́ mìlímítà 305 ní gígùn àti 244 ní ìbú. MicroATX jẹ́ 244 sí 244. Mini-ITX jẹ́ 170 sí 170. Àpótí ńlá sábà máa ń gba pátákó kékeré, ṣùgbọ́n àpótí kékeré kò lè gba pátákó ńlá. MicroATX ni ó sábà máa ń dínwó jù.

Ẹ̀kẹta ni BIOS, ètò kékeré tí ó wà nínú pátákó, tí ń jí kọ̀ǹpútà lójú oorun. Pátákó tí ó ti pẹ́ ní ìsọ̀ lè má dá ọpọlọ tí ó dé lẹ́yìn rẹ̀ mọ̀. B450, tí ó jáde ní ọdún 2018, lè lo ọpọlọ Ryzen 5000 tí ó dé ní ọdún 2020, ṣùgbọ́n àfi bí a bá kọ́kọ́ sọ BIOS rẹ̀ dọ̀tun. Kí olùrà bẹ ẹni tí ń tajà láti ṣe èyí kí owó tó kúrò lọ́wọ́ rẹ̀.

5. Bí ó bá jẹ́ tòkunbọ̀

Kò burú láti ra pátákó tòkunbọ̀ ní Computer Village ní Ìkẹjà tàbí níbòmíràn, bí a bá là ojú sílẹ̀. Lára pátákó Intel àti AM5, inú ìjókòó ni àwọn abẹ́rẹ́ wẹ́wẹ́ wà. Ọ̀kan tí ó bá tẹ̀ lè sọ gbogbo rẹ̀ di aláìwúlò. Ti AM4 yàtọ̀: abẹ́ ọpọlọ ni abẹ́rẹ́ rẹ̀ wà. Kí a yẹ̀ ẹ́ wò nínú ìmọ́lẹ̀, kí a sì ní kí a tan án lójú wa.

Kí a tún béèrè ọjọ́ orí rẹ̀. Ní ọjọ́ 14, oṣù kẹwàá, ọdún 2025, ni Microsoft dáwọ́ ìtọ́jú gbogbogbòò Windows 10 dúró. Windows 11 kò sì fọwọ́ sí ọpọlọ Intel tí ó ṣáájú ìran kẹjọ ní gbogbogbòò, tàbí Ryzen tí ó ṣáájú ìran 2000. Pátákó H81, tí ó wà fún ìran kẹrin Intel, lè pọ́ọ́kú, ṣùgbọ́n Linux, tí ó jẹ́ ọ̀fẹ́, ni ó yẹ ẹ́ jù.

6. Owó tí ó ṣẹ́ kù

Owó tí ènìyàn bá fi pamọ́ lórí pátákó, kí ó má fi ra ohun ọ̀ṣọ́. Kí ó fi ra ẹ̀rọ tí ń pín iná sínú kọ̀ǹpútà, kí ó jẹ́ ojúlówó, kí ó sì fi èyí tí ó kù ra sítébíláísà tàbí UPS. Iná tí ń lọ, tí ń bọ̀, tí ó sì ń ru sókè lójijì lè jó pátákó titun ní ìṣẹ́jú kan. Bí ó bá di ọjọ́ títò, kí a gbé ọpọlọ sórí ìjókòó rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí a má sì tì í: ohun tí a fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Àwọn ìbéèrè fún ìjíròrò

1. Èé ṣe tí a fi ń yan ọpọlọ kí a tó yan pátákó?
2. Obìnrin oníṣòwò kan ní ìrántí DDR4 lọ́wọ́. Ìjókòó wo ni kò gbọdọ̀ rà?
3. Kí ni lẹ́tà F lẹ́yìn nọ́ńbà ọpọlọ Intel ń sọ fún olùrà?
4. Ohun mẹ́ta wo ni ó yẹ kí a yẹ̀ wò lára pátákó tòkunbọ̀ kí a tó sanwó?